Lẹ́tà Tí Rúùtù Fi Ẹnu Ara Rẹ̀ Kà

Bí ẹ bá dé Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́ láyé ìjọ́sí, tí ẹ sì béèrè Màmá Akọ̀wé, ẹni tí ẹ bá kọ́kọ́ pàdé ni yóò nawọ́ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún yín. Ṣọ́ọ̀bù náà kò fẹ̀ ju ibi tí ènìyàn mẹ́rin lè dúró sí lọ. Ìwé ẹsáísì ló ń tà níbẹ̀, àti ṣọ́ọ̀kì, àti báírò, àti ìwé orin, àti Bíbélì tó fi ọ̀rá wé kí eruku títì má bàa bà lé e. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ìwé ẹsáísì ni wọ́n ṣe ń pè é ní akọ̀wé. Akọ̀wé ìjọ ni. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi jókòó sí tábìlì kékeré abẹ́ pẹpẹ ní ìjọ Onítẹ̀bọmi kan tí a kò ní dárúkọ, nítorí púpọ̀ nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú wọn ṣì wà láàyè, wọ́n sì mọ ìjà jà.

Rúùtù ni orúkọ rẹ̀, kì í sì í ṣe obìnrin tí ń fi iṣẹ́ ṣeré. Ìyá òyìnbó míṣọ́nnárì kan ló kọ́ ọ ní taipuráítà nígbà ọmọge rẹ̀, òun náà ló sì kọ́ ọ pé ẹni tó bá ń kọ ìwé Ọlọ́run kò gbọdọ̀ ṣe é ní wúruwùru. Ó gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Bí ènìyàn bá kú nínú ìjọ, ìgbà tí àwọn yòókù ń sunkún ni Rúùtù ń béèrè ọjọ́ tí wọ́n bí olóògbé gan-an, kí ó lè rí i kọ. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí áńgẹ́lì bá ń pe orúkọ lọ́jọ́ ìdájọ́, tó sì fo ẹnìkan, Rúùtù ni yóò ké sí i pé kó padà síbi tó fò.

Ọkọ rẹ̀ kú ní ọdún kẹfà tí wọ́n fẹ́ra. Ọmọ kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀ fún un, Olúwaníyì, orí ọmọ yìí ni Rúùtù sì ti ṣe àṣìṣe kan tí kò ṣe rí lórí ọmọ ẹlòmíràn.

Láàárín àwọn Onítẹ̀bọmi, bí ọmọ ìjọ bá ṣí lọ sí ìlú mìíràn, kì í kàn wọ ìjọ tuntun bí ẹní wọ ọjà. Ìjọ tó ń lọ yóò kọ̀wé sí ìjọ tó ti wá, akọ̀wé ibẹ̀ yóò sì fi lẹ́tà ránṣẹ́ pé ẹni tó wà ní ìdúró rere ni. Ìgbà náà ni wọn yóò yọ orúkọ rẹ̀ níbí, tí wọn yóò kọ ọ́ sọ́hùn-ún. Rúùtù ti kọ irú lẹ́tà yìí fún èèyàn tó lé ní igba, kì í sì í pé ọjọ́ mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Olúwaníyì rí iṣẹ́ tíṣà ní Ọ̀yọ́ ní ọdún 1985, tí ìjọ tó ń lọ níbẹ̀ kọ̀wé wá, tí wọ́n sì ti kà á fún ìjọ, ìyá rẹ̀ ti ìwé náà sí ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ gbàgbé rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Ó wù ú kí orúkọ ọmọ náà ṣì máa bẹ nínú ìwé tirẹ̀. Bí Olúwaníyì bá béèrè, yóò ní, "Mò ń bọ̀ lórí ẹ̀." Ta ni yóò bá a wí? Ìyá ni.

Àṣà kan tún wà nínú ìjọ náà. Láyé àtijọ́, àwọn àgbà kan ti ka lẹ́tà kan ní bòńkẹ́lẹ́, nígbà tó sì hàn síta, ìjà tú ìjọ sí méjì. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti pinnu pé lẹ́tà yòówù tó bá ti ìjọ mìíràn wá, ojú gbogbo ìjọ ni wọn yóò ti ya á, akọ̀wé ni yóò sì kà á sókè láti orí dé ìdí. Rúùtù fẹ́ràn àṣà yìí. Ó máa ń sọ pé ìjọ tí kò ní ohun tí yóò fi pamọ́ ni ìjọ òun.

Ọjọ́ Ìsinmi kan nínú oṣù keje ọdún 1988 ni ọ̀rọ̀ bẹ́. Ìsìn ti parí, àlejò ti lọ, ó ku àwọn ọmọ ìjọ fún ìpàdé oṣù. Òjò ń rọ̀ lórí páànù, nítorí náà Pásítọ̀, tí í ṣe alága, ní kí Màmá Akọ̀wé gbé ohùn sókè díẹ̀. Lẹ́tà méjì ló wà. Èkíní jẹ́ ìkésíni síbi ìyàsímímọ́ ilé ìsìn kan. Èkejì wá láti Ọ̀yọ́. Rúùtù ya á, ó fi awò sójú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

"Sí àwọn ará wa nínú Olúwa. Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn ni a fi ń sọ fún yín pé nígbà ìsọjí tí a ṣe lóṣù tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn akọrin wa, James, jẹ́wọ́ fún pásítọ̀ pé fún ọdún méjì ni òun àti ọkùnrin kan ti ń bá ara wọn lò bí ọkọ àti aya. A ti yọ James kúrò nínú ìjọ. Ọkùnrin kejì ń bá wa jọ́sìn, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé wa. Ọ̀dọ̀ yín ló ṣì wà, nítorí títí di òní ẹ kò fi lẹ́tà rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Nítorí náà ẹ̀yin ni ẹ ní àṣẹ láti bá a wí. Orúkọ rẹ̀ ni Olúwaníyì..."

Ẹnu Rúùtù ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ìwé láìdúró. Kí ọkàn rẹ̀ tó débẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti débẹ̀. Ó ka orúkọ náà ketekete, ó ka orúkọ bàbá rẹ̀ tẹ̀lé e, ó ka orúkọ ilé ìwé tó ti ń kọ́ni, ó ka "Tiyín nínú Kristi", ó sì dúró.

Rúùtù yí ìwé náà padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, bóyá orúkọ mìíràn wà níbẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó tún ojú iwájú rẹ̀ wò. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé ẹni tó tẹ lẹ́tà náà mọ̀ ọ́n tẹ̀, kò sí àṣìtẹ̀ kan níbẹ̀, ó sì ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni òun lè máa rò nírú àkókò yìí. Lẹ́yìn náà ló wá yé e. Ẹnu òun ni! Ẹnu òun, tó fi kọ́ ọmọ náà ní Baba Wa Tí Ń Bẹ Ní Ọ̀run, ni òun fi ka èyí sétí gbogbo ayé.

"Háà!" obìnrin kan ké lẹ́yìn, ilé sì dàrú.

Díákónì Simon ló kọ́kọ́ rí ẹnu sọ̀rọ̀. Akọ̀wé ni òun náà, ṣùgbọ́n ti ilé ẹjọ́, ó sì fẹ́ràn òfin bí àwọn mìíràn ṣe fẹ́ràn ẹran. "Alága, mo dá àbá méjì. Àkọ́kọ́, kí a yọ Olúwaníyì kúrò nínú ìjọ. Ìkejì, kí akọ̀wé kọ lẹ́tà sí ọlọ́pàá. Ohun tí wọ́n kà yìí, ẹ̀ṣẹ̀ ni nínú Bíbélì, ọ̀ràn sì ni nínú òfin Nàìjíríà. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rìnlá ni. Bí a bá mọ̀ tí a sì dákẹ́, àwa náà ti lọ́wọ́ nínú ẹ̀ nìyẹn."

Ẹnìkan gbè é lẹ́yìn lójú ẹsẹ̀. Ọwọ́ Rúùtù ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, nítorí ọwọ́ náà ti mọ iṣẹ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Ó kọ ọ́ dé "kí akọ̀wé kọ lẹ́tà sí ọlọ́pàá" kó tó yé e pé òun ni akọ̀wé náà.

Rejoice nawọ́, ọmọbìnrin tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́, tó ń kàwé ní Ìbàdàn. "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Mi ò sọ pé ohun tí wọ́n ṣe dáa. Ṣùgbọ́n látìgbà tí mo ti wà nínú ìjọ yìí, mi ò rí i kí wọ́n kọ lẹ́tà sí ọlọ́pàá nítorí ẹni tó lọ fún ìyàwó oníyàwó lóyún. Ẹni náà ń bẹ lórí bẹ́ǹṣì níbí, ó ń jẹ oúnjẹ Olúwa. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo ni ìjọba lè bá wa mú ni?"

Ọkùnrin kan ṣí ìwé orin rẹ̀ lójijì, ó tẹjú mọ́ ọn. Wọ́n ní kí Rejoice jókòó, pé ọmọdé ò mọ ohun tó ń sọ.

Bàbá Akínpẹ̀lú ni wọn kò lè ní kó jókòó. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni, òun sì ni káfíńtà tó kan gbogbo bẹ́ǹṣì tí wọ́n jókòó lé. "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Mi ò ní pe dúdú ní funfun fún yín. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá mi ṣe ìrìbọmi, wọ́n dè é mọ́lẹ̀ nínú agbolé wa fún ọjọ́ mẹ́ta, torí òfin ilé ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ òrìṣà ìdílé sílẹ̀. Ó ní Ọlọ́run nìkan ló ni ọkàn òun. Ohun tó jẹ́ kí n di Onítẹ̀bọmi nìyẹn, pé kùmọ̀ ìjọba ò gbọdọ̀ wọ ibi tí ọkàn èèyàn wà. Bí ó bá tó yọ, ẹ jẹ́ ká yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má lọ yá kùmọ̀ lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́."

"Bàbá," Simon dáhùn, "òmìnira ọkàn lẹ̀ ń sọ. Ti ara lèyí."

"Ta ló bá ẹ pín wọn? Lónìí wàá ní ti ara ni. Lọ́la ẹlòmíràn á ní bí o ṣe ń gbàdúrà, ti ara náà ni, torí orúnkún lo fi ń kúnlẹ̀."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan bú u lábẹ́ ètè. Pásítọ̀, ọmọlúàbí tí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bínú sí òun, ń fi áńkáṣíìfù nu iwájú orí. Bàbá Akínpẹ̀lú ló kó o yọ. Ó ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí, kí wọ́n pe ọmọ náà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kó wá fẹnu ara rẹ̀ sọ tirẹ̀, kí wọ́n tó dìbò lórí ohunkóhun. Wọ́n gbà bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, Rúùtù ta báírò ju iye tó ń tà lọ́sẹ̀ kan lọ. Èèyàn á wọlé, á ra ẹyọ kan, á wo ojú rẹ̀ dáadáa, á sì jáde. Ojú tì í débi pé kò lè gbé orí sókè. Nírọ̀lẹ́ ni Hajarat, tó ń ta abọ́ àti ìkòkò ní ṣọ́ọ̀bù kejì, wọlé wá, tó sì fa àpótí kan jókòó.

"Ìyá Níyì, ẹ kú ọ̀rọ̀ yìí o. Mi ò ní tàn yín, lọ́dọ̀ tiwa náà haráàmù ni. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ ti bi ọmọ náà?"

"Ó wà nínú ìwé, Hajarat."

"Ìwé lẹ ṣáà ń kà. Mo ní ṣé ẹ ti bi ọmọ?"

Hajarat ní kó lọ sí Ọ̀yọ́ ní kùtùkùtù ọ̀la, òun á bá a wo ṣọ́ọ̀bù.

Jálẹ̀ ọ̀nà nínú ọkọ̀, Rúùtù ń to ọ̀rọ̀ tí Olúwaníyì yóò sọ. Yóò ní irọ́ ni. Yóò ní James ń jowú òun, tàbí pé wọ́n jọ jà lórí ọ̀rọ̀ akọrin. Ó ti dárí jì í nínú ọkọ̀ kó tó dé Ọ̀yọ́. Ó ti bá a bínú sí James tán.

Yàrá kan lẹ́yìn ọjà Àkẹ̀sán ni Olúwaníyì gbà. Ó ń fi báírò pupa máàkì ìwé ìdánwò nígbà tí ìyá rẹ̀ yọjú. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, gíga bíi bàbá rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí sìmẹ́ńtì. "Màmá! Ẹ káàbọ̀ mà. Ṣé kò sí o?"

Rúùtù gbé lẹ́tà náà lé orí ìwé ìdánwò. Olúwaníyì kà á. Ó tún un kà. Ó wá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

"Òótọ́ ni, Màmá."

Rúùtù rò pé òun á kígbe. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Ṣé o ti jẹun?" Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gún un, bí ìgbà tí ẹ̀gún ti wọlé tán kí ìrora rẹ̀ tó dé. Ó di ògiri mú. Òótọ́ ni? Kò tilẹ̀ jiyàn! Kò tilẹ̀ gbìyànjú!

"Látìgbà wo?"

"Látìgbà tí mo ti mọ ara mi."

"Kí ni mo ṣe sí ẹ?"

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan sí mi, Màmá. Ṣé ẹ rántí ọdún tí mo rù, tí ẹ ń fún mi ní oògùn ibà? Ààwẹ̀ ni mò ń gbà. Mo bẹ Ọlọ́run títí kó mú un kúrò lára mi. Mi ò mọ ohun tó kù tí mo lè bẹ̀ mọ́."

"James ńkọ́? Ta ló ní kó lọ la ẹnu?"

"Ó rẹ̀ ẹ́ ni. Pásítọ̀ wa níbí sọ fún un pé ohun tó bá sọ, àárín àwọn méjèèjì àti Ọlọ́run ni. Ó gbà á gbọ́. Ilé ìyá ẹ̀ ló wà báyìí, ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ níbí. Opó ni ìyá náà, bí ẹ̀yin náà."

Rúùtù kò gbọ́ ti opó. Ó ń gbọ́ ọdún mẹ́rìnlá. Ó sọ ti Simon fún un, ó sọ ti ọlọ́pàá, ó sọ pé lọ́jọ́ Ìsinmi wọn yóò mú un dúró níwájú ìjọ. Lẹ́yìn náà ló wá sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni pé ará ilé lè gbọ́.

"Sọ fún wọn pé irọ́ ni."

Olúwaníyì gbójú sókè. "Màmá?"

"Ẹnìkan ṣoṣo ló sọ ọ́. Bíbélì ní ẹlẹ́rìí kan ò tó. Bí o bá ní rárá, Simon ò rí nǹkan ṣe. Sọ pé rárá, kó o padà síbi iṣẹ́ ẹ."

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń sọ̀rọ̀ yìí? Ẹ̀yin tí ẹ nà mí títí tí ẹgba fi já, torí pé mo parọ́ pé èmi kọ́ ni mo mu mílíìkì?"

"Èmi náà ni," ni Rúùtù wí. Ó ya òun gan-an lẹ́nu bí ohùn òun ṣe le tó. "Parọ́, Níyì. Mo bẹ̀ ẹ́. Èmi ni mo ní kó o parọ́."

Ọmọ náà sunkún nígbà náà. Kò sunkún lórí lẹ́tà, kò sunkún lórí ọlọ́pàá, ohun tí ìyá rẹ̀ sọ yìí ló pa á lẹ́kún. Nígbà tó ṣe, ó ní òun á wá, òun á sì ṣe bí wọ́n ṣe wí. Rúùtù wọ ọkọ̀ padà. Kò ronú kan James rárá, kí á má purọ́ mọ́ ọn. Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kò ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn, ọmọ tirẹ̀ sì ni kò fẹ́ kó lọ sẹ́wọ̀n.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, àwọn tí kò wá ìpàdé ìjọ láti ọdún mẹ́ta wá. Olúwaníyì wọ agbádá funfun bàbá rẹ̀, ó dúró níwájú, ó kọ ẹ̀gbẹ́ sí tábìlì akọ̀wé. Pásítọ̀ bi í bóyá òótọ́ ni ohun tí ìjọ Ọ̀yọ́ kọ. Rúùtù di báírò mú.

"Rárá, sà. Kò rí bẹ́ẹ̀."

Aleluyà sọ! Àwọn obìnrin sáré wá sí tábìlì, wọ́n dì mọ́ Rúùtù, gèlè rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Ẹnìkan dá orin ọpẹ́. Ojú Pásítọ̀ ń ṣomi nítorí ayọ̀ pé kò sí ohun tí òun yóò ṣe mọ́. Ara tu Rúùtù débi pé ó rẹ́rìn-ín fáàfáà, láàárín ẹ̀rín náà ló rí Simon tó tún dìde.

"Ọpẹ́ ni f'Ólúwa, alága. Bí ọmọ wa bá mọ́, ó túmọ̀ sí pé James ba orúkọ ọmọ wa jẹ́. Ó sì ti fẹnu ara ẹ̀ sọ irú ẹni tóun jẹ́, kò sẹ́ni tó fipá mú un. Mo yí àbá mi padà. Kí a kọ̀wé sí ìjọ Ọ̀yọ́ pé irọ́ ni wọ́n pa mọ́ wa, kí a sì kọ̀wé sí ọlọ́pàá Ọ̀yọ́ láti gbé James."

Ẹni mẹ́rin gbè é lẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú àwọn tó ti ń káàánú Rúùtù láti ọjọ́ méje, ta ló mọ James? Ta ló mọ ìyá rẹ̀? Bàbá Akínpẹ̀lú dìde, ó ń sọ̀rọ̀, ariwo bò ó mọ́lẹ̀. Wọ́n nawọ́, ó gbà. Pásítọ̀ ní kí Màmá Akọ̀wé bá wọn kọ èyí tó ń lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá nísinsìnyí, kí ó kà á kí wọ́n tó túká, bí wọ́n ti ń ṣe.

Jìnnìjìnnì bo Rúùtù. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò rò ó dé ibí yìí rí. Irọ́ tó fi bo ọmọ tirẹ̀ ti rìn kọjá, ó ti lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà opó kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ó wo ojú Pásítọ̀, ojú náà ń rẹ́rìn-ín sí i. Kí ni yóò sọ? Bó bá ní òun kò kọ ọ́, wọn yóò bi í pé kí ló dé. Ó kọ ọ́. Kò fo ohunkóhun tó mọ̀, bí ó ti máa ń ṣe. Ó fi awò sójú, ó dìde.

"Sí ọ̀gá ọlọ́pàá, Ọ̀yọ́. Àwa ọmọ ìjọ yìí fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ọkùnrin kan tó ń jẹ́ James, tó ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀ ní..."

"Ẹ dúró, Màmá."

Olúwaníyì ti bọ́ síwájú tábìlì. "Òótọ́ ni James sọ. Gbogbo ẹ̀ pátá. Èmi ni mo parọ́. Tó bá jẹ́ ọlọ́pàá lẹ máa pè, ẹ pè é fún èmi náà. Ẹ má mú òun nìkan."

Kò sí aleluyà mọ́. Obìnrin kan ké pe Jésù lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn tó ti dì mọ́ Rúùtù ń fẹsẹ̀ sún sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, ẹnìkan sì ń gbọn ìró rẹ̀. Simon nìkan ni kò yà lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀. Ó ní àbá òun àkọ́kọ́ ṣì wà nílẹ̀, ó sì ti di ti ènìyàn méjì.

Nígbà yìí ni wọ́n gbọ́ ti Bàbá Akínpẹ̀lú. Kò gbé ohùn sókè. "Ó ti bọ́ tẹ́lẹ̀. Aleluyà tiyín ló wà létí ẹ̀. Ó mọ̀ pé ẹ̀wọ̀n ń bẹ níbẹ̀, ó sì padà wá mú un torí ọmọ ẹlòmíràn. Nínú gbogbo wa níbí, mélòó ló lè ṣe é? Ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀ ń bẹ lọ́rùn ẹ̀, tèmi náà ń bẹ lọ́rùn mi. Ẹ yọ ọ́ tó bá yẹ kẹ́ ẹ yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá nawọ́ sí ti ọlọ́pàá, ẹ dìde kúrò lórí bẹ́ǹṣì mi."

Akọ̀wé kì í nawọ́ nínú ìjọ náà, kíkà ni tirẹ̀. Rúùtù jáde láàárín bẹ́ǹṣì, ó ń ka ọwọ́ àwọn tó fẹ́ kí wọ́n mú ọmọ rẹ̀ lọ sẹ́wọ̀n. Ó ń fi báírò tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ ìyá agbẹ̀bí tó gbẹ̀bí Olúwaníyì wà níbẹ̀. Ọwọ́ obìnrin tó kọ́kọ́ dì mọ́ ọn láàárọ̀ wà níbẹ̀. Méjìdínlọ́gọ́ta. Ó ka àwọn tó kọ̀. Mọ́kànlélọ́gọ́ta. Kò gba ara rẹ̀ gbọ́, ó tún un kà, Simon náà kà á tẹ̀lé e, bákan náà ni. Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá bọ́ lórí Olúwaníyì, ó bọ́ lórí James.

Ti yíyọ kò gba kíkà. Ọwọ́ gbogbo ilé ló gòkè, àfi ti Rejoice. Bàbá Akínpẹ̀lú náà na tirẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Rúùtù padà sí tábìlì, ó kọ ọ́.

"Alága," Simon wí, ojú rẹ̀ ti le nítorí ìbò tó já a kulẹ̀, "ẹyọ ìbéèrè kan ló kù, mo sì fẹ́ kó wọ ìwé. Ọkùnrin yìí dúró níwájú Ọlọ́run, ó parọ́. Ẹni tó parọ́ bẹ́ẹ̀ tó sì tún sọ òótọ́ láàárín wákàtí kan, kì í ṣe òun ló gbèrò irọ́ náà. Ta ló kọ́ ọ?"

Rúùtù mọ̀ pé òun yóò dìde. Ó ti la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà ti wà létè rẹ̀, "Èmi ni", kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó rí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn bẹ́ǹṣì, ó rí ojú wọn, ó rí Pásítọ̀ tó ń wo òun tàánútàánú. Kò dìde.

Olúwaníyì yíjú, ó wo ìyá rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tó wò ó láti àárọ̀. Kò bínú. Ìyẹn gan-an ló bà á lẹ́rù.

"Kò sí ẹnikẹ́ni, sà," ó dáhùn. "Èmi nìkan ni mo rò ó."

"Kí akọ̀wé kọ ọ́," ni Simon wí.

Rúùtù tẹrí ba. Ó mọ̀ pé irọ́ ni, ó mọ̀ pé nítorí òun ni ọmọ náà fi pa á, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.